Èéfín Oògùn Kòkòrò Nínú Ìsọ̀ Wa: Ẹni Tó Bá Sọ Ọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀dàlẹ̀

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ òórùn ni. Òórùn tó máa ń lu ni nímú nígbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ ẹ̀wà láàárọ̀, tàbí sítọ́ọ̀ àgbàdo, tàbí ibi tí wọ́n ń kó èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ sí. Òórùn Sniper, òórùn òtapíápíá, òórùn oògùn oníkóró tí wọ́n ń jù sáàárín àpò. Ó ti mọ́ wa lára débi pé bí a bá gbọ́ ọ, a ó kàn fa gèlè bo imú, a ó ní, "Wọ́n ti fín oògùn ni," a ó sì máa bá kóńgò wa lọ. Ojú ń ta wá, orí ń fọ́ wa, a ó ní oòrùn ló mú un. Ọmọ ẹ̀yìn wa ń bì, a ó ní eyín ló ń hù.

Èrò tèmi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò: èéfín yìí kì í ṣe ohun tó yẹ kí ó mọ́ ènìyàn lára. Ó yẹ kí a máa fi í sùn, kí a máa fi í sùn ní kíákíá, kí ẹgbẹ́ wa sì dáàbò bo ẹni tó bá fi í sùn.

Ẹlòmíràn lè ní, "Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ ńláńlá nìyẹn. Ọjà kọ́ ni ilé iṣẹ́." Òótọ́ ni pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ewu ibi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ òyìnbó ló máa ń wá sọ́kàn wa. A rántí Ìkòròdú ní ọdún 2002, níbi tí iná ti sọ nínú ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lóru, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jóná mọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: níbo ni a ń wà láti aago méje àárọ̀ títí dé aago méje alẹ́? Ìsọ̀ wa ni ilé iṣẹ́ wa. Sítọ́ọ̀ tí kò ní fèrèsé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin, tí àpò kún dé àjà, ibi iṣẹ́ ni. Alábàárù tó ń ru àpò jáde níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ọmọ tó ń kọ́ òwò lọ́dọ̀ wa, tó ń gbálẹ̀ sítọ́ọ̀ láàárọ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ ńlá tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí pé òfin wà tó ní kí àwọn kan máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Tiwa ńkọ́? Bí àwa fúnra wa ò bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú ìgò náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní Sniper yẹn, oògùn inú rẹ̀ ni dichlorvos, tí wọ́n tún ń pè ní DDVP. Omi ni lójú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ó tó di afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kún yàrá. Iṣan ara kòkòrò ló ń bà jẹ́: iṣan náà kò ní lè sinmi mọ́, yóò máa já, yóò máa gbọ̀n títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀nà tí iṣan kòkòrò ń gbà ṣiṣẹ́ náà ni tiwa ń gbà ṣiṣẹ́. Kò ní kí o mu ún kó tó wọ̀ ọ́ lára. Ó ń gba imú wọlé, ó ń gba awọ ara wọlé. Ẹni tó bá wọ̀ lára, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa já lójú rẹ̀, á máa làágùn, ẹyinjú dúdú á kéré bí orí abẹ́rẹ́, inú á máa run ún, á máa bì, á máa ṣu, àyà á fún un pa. Tó bá pọ̀, ẹran ara á máa já, gìrì á mú un, kò sì ní lè mí mọ́.

Oògùn oníkóró ńkọ́? Ìyẹn tún burú jù. Bí kóró náà bá wà nínú agolo rẹ̀, ó dákẹ́. Bí ó bá ti pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú gáàsì tí wọ́n ń pè ní phosphine jáde. Òórùn rẹ̀ jọ ti ááyù tàbí ti ẹja jíjẹrà, kò sì ní àwọ̀ tí ojú lè rí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń dí ibi tí wọ́n bá lò ó pa, wọ́n á lé gbogbo ènìyàn kúrò, wọ́n á sì ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Àwa ńkọ́? A ó ju kóró sáàárín àpò, a ó ti ilẹ̀kùn, ọmọṣẹ́ á tẹ́ ẹní sí yàrá kejì tí ògiri kan ṣoṣo là á láàárín. Kò sí oògùn kan pàtó ní ilé ìwòsàn tó ń pa oró phosphine. Ohun tí dókítà lè ṣe kò ju pé kí ó máa ran ara aláìsàn lọ́wọ́ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń dẹ́rù bà yín lásán. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n yẹ ẹ̀wà wa wò, wọ́n bá dichlorvos nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè kò ju 0.01 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n rí bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ títí dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò owó: 4.6 jẹ́ ìlọ́po 460 ìwọ̀n tí wọ́n gbà. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí òfin náà lò, wọ́n sì tún sún un síwájú lẹ́yìn náà. Ẹ̀wà tí òyìnbó kọ̀, ta ló jẹ ẹ́? Àwa àti oníbàárà wa ni.

Èlùbọ́ tí a fi ń yangàn ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò bọ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ní Ìlọrin, tí kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́ rárá, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ìdílé márùn-ún jẹ àmàlà, májèlé sì mú wọn. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré Sniper àti irú rẹ̀, ìyẹn ti 100ml, nínú ọjà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Títí di ìsinsìnyí, ẹ̀yin àti èmi la mọ ibi tí wọ́n ti ń rà á.

Nígbà náà, kí ló dé tí a kì í sọ̀rọ̀? Mo ti gbọ́ ìdí mẹ́ta, mo sì fẹ́ dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkínní, wọ́n ní, "Bí a bá sọ ọ́, NAFDAC á wá kó ọjà wa, oníbàárà á sì sá." Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe kékeré. Owó àjọ, owó èlé àti owó ilé ìwé ọmọ ló wà nínú àpò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn, òjé sì wà nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ ń pa àwọn ọmọdé. Ẹ̀rù pé ìjọba á ní kí wọ́n má wa wúrà mọ́ mú kí àwọn kan bo ọ̀rọ̀ ikú ọmọ mọ́lẹ̀. Ọmọ tó kú níbẹ̀ lé ní 400. Wúrà wà níbẹ̀, ọmọ ò sí mọ́. Kí la fẹ́ fi èrè ọjà ṣe bí ọmọ tí a ń wá a fún bá lọ?

Ní ti pé oníbàárà á sá, ẹni tó ń lé oníbàárà ni ẹni tó fín oògùn, kì í ṣe ẹni tó sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn kan bá jẹ ẹ̀wà tí ọ̀ràn dé, wọn ò ní dárúkọ ìsọ̀ kan. Orúkọ ọjà ni wọn óò dá. Ẹni tí kò fi oògùn kankan sí tirẹ̀ á jókòó ti kóńgò rẹ̀, kò ní rí ẹni béèrè iye tó ń tà á.

Èkejì, wọ́n ní, "Òfófó ni. A kì í tú àṣírí ẹlẹgbẹ́ ẹni." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Bí o bá sọ iye tí ẹnìkejì rẹ ra ọjà, òfófó ni. Bí o bá sọ ohun tó ń lọ nílé ọkọ rẹ̀, òfófó ni. Ṣùgbọ́n èéfín tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde, tó wọ imú ọmọ rẹ, ṣé àṣírí rẹ̀ ṣì ni ìyẹn? Àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò bá tètè sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó sọ ọ́ fẹ́ kí ilé sùn ni.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́, ta ló máa gbọ́?" Ìdí yìí ló dùn mí jù, nítorí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní ìlú Bhopal ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ Union Carbide ń ṣe oògùn apakòkòrò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1981, gáàsì pa òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀. Akọ̀ròyìn kan, Rajkumar Keswani, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní ọdún 1982 pé ewu ń bọ̀ wá bá gbogbo ìlú. Wọn ò dá a lóhùn. Lóru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 1984, gáàsì tú jáde, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ibùsùn. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹnu ẹnìkan kò tó. Kí ènìyàn kan sọ ọ́ kò to nǹkan bí kò bá sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ní, "A ti gbọ́, a ò ní jẹ́ kí ó sùn síbẹ̀." Bẹ́ẹ̀ àwa ní ẹgbẹ́. Kí ni ẹgbẹ́ wà fún bí kò bá wà fún irú èyí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

A rántí iná Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020. Ọ̀yọ́ sunkún lọ́jọ́ náà, Ògbómọ̀ṣọ́ náà bá wọn sunkún. Iná, gbogbo ayé ló ń rí i, gbogbo ayé ló ń sáré sí i. Èéfín oògùn kò ní ọwọ́ iná tí a lè rí lókèèrè. Àfi kí ẹni tó gbọ́ òórùn rẹ̀ la ẹnu.

Mo mọ ìbéèrè tó kù: "Bí a ò bá fi oògùn sí i, ṣé kí kòkòrò jẹ ọjà wa tán ni?" Rárá o. Ẹni tó bá ní kí a jáwọ́ nínú nǹkan, ó yẹ kó sọ ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS. Àpò mẹ́ta ni nínú ara wọn: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun níta. Ẹ̀wà tó ti gbẹ dáadáa lẹ ó dà sínú rẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ ó wá di ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, á sì kú. Ẹ ò fín nǹkan kan sí i. Bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá lu, ẹ ó tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀. Owó rẹ̀ ju ti àpò lásán lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá rà á pọ̀, á wálẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò pọ̀, bó bá kún dé ẹnu tí a sì dé e pa. NSPRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, Ìlọrin ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ó lọ ẹ ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi ní pè wọ́n kí wọ́n wá kọ́ wa nínú ìpàdé?

Nítorí náà, àbá tí mo gbé síwájú ẹgbẹ́ nìyí, kí a jíròrò lé e lórí nínú ìpàdé gbogbogbòò:

Kí a fi ẹni kan sí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ọjà, ẹni tí gbogbo ènìyàn lè lọ bá bí wọ́n bá gbọ́ òórùn oògùn tàbí tí wọ́n rí ibi tí kò dára. Kí ẹni náà kọ ọjọ́, ìsọ̀, àti orúkọ oògùn sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC ara ìgò bí ó bá wà. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tó wá sọ fún un.

Kí wọ́n kọ́kọ́ bá ẹni tó ni ìsọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Kí ó ṣí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ó sì kó oògùn náà kúrò. Bí ó bá kọ̀, kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà. Bí ó bá tún kọ̀, kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀, àti sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìbàdàn. Kí ó jẹ́ lẹ́tà, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń sọnù, ìwé kì í sọnù.

Kí a má ṣe fìyà jẹ ẹni tó bá sọ ọ́. Ọmọṣẹ́ tó bá ní, "Màmá, sítọ́ọ̀ yìí ń fún mi láyà," kí wọ́n má lé e lọ, kí wọ́n má sọ pé ọ̀lẹ ni. Alábàárù tó bá kọ̀ láti wọ inú èéfín, kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, àwọn ni èéfín ń kọ́kọ́ pàdé. Ojú wọn ni ojú ọjà wa.

Kí ẹnikẹ́ni má sùn sí sítọ́ọ̀ tí oògùn wà, tàbí yàrá tó fara tì í. Kí a má sì tan jẹnẹrétọ̀ sínú ìsọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Èéfín tirẹ̀ kò lóòórùn tó ń ta ni lólobó, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Bí ọ̀ràn bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ gbé ẹni náà jáde síbi afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń wọlé lọ gbé e má dúró pẹ́ níbẹ̀. Bí oògùn bá ta sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ má sì fi ọwọ́ lásán kan oògùn náà. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Epo kì í pa oró yìí, ó sì lè gba ibi tí kò yẹ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá, LAUTECH tàbí Bowen fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìjọba fún ará Ọ̀yọ́. Ẹ mú ìgò tàbí agolo oògùn náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Bó bá jẹ́ Sniper, oògùn wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n lè fi gbógun ti oró rẹ̀, bí ẹ bá tètè dé.

Ẹ̀yin ìyá mi, ọjà la wá ná, a ò wá kú síbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ òórùn tó dákẹ́, kò ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóore, nítorí ẹni tó fín oògùn náà ló ń kọ́kọ́ fà á símú. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi ẹ̀rín gbé e kọjá. Ẹ nawọ́, ẹ dá sí i, kí a fi òǹtẹ̀ lù ú.